Ta Ló Ni Ọjà: Ẹni Tó Kọ́ Ìsọ̀ Ni, àbí Àwọn Tó Ń Ná An? Ọ̀rọ̀ Lórí EVE Online

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí kò sí ènìyàn, imalẹ̀ kò sí. Òrìṣà tí kò ní olùsìn, igi lásán ni. Ọjà tí èrò kò wọ̀, pápá ni. Òwe yìí kò yọ géèmù orí kọ̀ǹpútà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń kó owó rẹ̀ sápò kì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Èrò tiwọn ni pé ẹni tó ṣe géèmù ló ni ín, pé oníbàárà lásán ni ẹni tó ń gbá a, àti pé ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Nínú gbogbo géèmù tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, agbára káká ni a fi lè rí èyí tó tú àṣírí èrò yìí bí EVE Online.

EVE Online jẹ́ géèmù ìtàn àròsọ tó jẹ mọ́ sáyẹ́ǹsì. Ilé-iṣẹ́ CCP Games tó wà ní ìlú Reykjavik, lórílẹ̀-èdè Iceland, ló gbé e jáde ní ọjọ́ 6, oṣù Karùn-ún, ọdún 2003. New Eden ni wọ́n ń pe ayé inú rẹ̀: agbo ìràwọ̀ kan tó jìnnà réré, tí àgbègbè ìràwọ̀ inú rẹ̀ lé ní 7,000. Ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ di atukọ̀ ojú sánmà. Ó lè máa wa kùsà, ó lè máa ṣòwò, ó lè máa kan ọkọ̀ tà, ó lè di ọmọ ogun, ó lè di amí, ó sì lè di olè. Kò sí ẹni tí yóò yan iṣẹ́ fún un.

Ohun méjì ló ya géèmù yìí sọ́tọ̀. Èkíní ni pé inú ayé kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn wà. Yàtọ̀ sí ti orílẹ̀-èdè Ṣáínà tó dá dúró, ẹni tó wà ní London, ẹni tó wà ní Moscow àti ẹni tó wà ní Sydney, abẹ́ ojú ọ̀run kan náà ni wọ́n jọ ń fò. Èkejì ni pé ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀, ó bàjẹ́ náà nìyẹn. Ọkọ̀ tí ènìyàn fi ọ̀pọ̀ oṣù kó owó jọ rà lè jóná láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì sí ẹni tí yóò dá a padà fún un. Nítorí náà ni ìbẹ̀rù ibẹ̀ fi jẹ́ ìbẹ̀rù gidi, tí ọ̀rẹ́ ibẹ̀ fi jẹ́ ọ̀rẹ́ gidi, tí ọ̀dàlẹ̀ ibẹ̀ sì fi ń dun ènìyàn wọ eegun.

Kí ni ilé-iṣẹ́ ṣe nínú gbogbo èyí? Òtítọ́ kì í kú ká fi irọ́ jọba: iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Àwọn tó dá CCP sílẹ̀ ní 1997 kò ní owó rẹpẹtẹ lọ́wọ́. Eré orí pátákó kan tí wọ́n ń pè ní Hættuspil ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe tà kí wọ́n lè rówó dáwọ́ lé èyí tó wà lọ́kàn wọn. Àwọn ló ya ojú sánmà New Eden, àwọn ló ṣe òfin bí ọkọ̀ ṣe ń fò àti bí ìbọn ṣe ń dún, àwọn ló sì ń bójú tó ẹ̀rọ tó gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn wí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan sáárá sí wọn.

Ṣùgbọ́n ilé òfìfo ni wọ́n kọ́. Àwọn tó ń gbá géèmù náà ló kó ẹrù sínú rẹ̀. Àwọn ló ń wa kùsà, àwọn ló ń yọ́ ọ, àwọn ló ń rọ èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ọkọ̀ àti ohun ìjà tí gbogbo ayé ibẹ̀ ń lò. Ọjà tó tóbi jù lọ ní New Eden wà ní Jita. Ilé-iṣẹ́ kọ́ ló fi Jita jẹ oyè ọjà. Àwọn oníṣòwò ni ẹsẹ̀ wọn ń pé síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń pé sí oríta títí oríta fi di ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún. Ọjà náà gbilẹ̀ débi pé ní 2007, CCP gba onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, Eyjólfur Guðmundsson, síṣẹ́ láti máa ṣọ́ bí owó ṣe ń yí níbẹ̀, kí ó sì máa gbé ìròyìn rẹ̀ jáde bí báǹkì ìjọba ṣe ń ṣe. Nígbà tí ọkùnrin náà kúrò níbẹ̀ ní 2014, ipò ọ̀gá àgbà yunifásítì ìlú Akureyri ló lọ dì mú. Ẹnì kan kì í gba irú onímọ̀ bẹ́ẹ̀ síṣẹ́ nítorí ìṣeré ọmọdé.

Ìtàn New Eden pàápàá, àwọn ará ibẹ̀ ló kọ ọ́. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kínní, ọdún 2014, owó tí ẹgbẹ́ kan yẹ kó san láti fi di àgbègbè B-R5RB mú kò wọlé lásìkò. Àwọn ọ̀tá rí i, wọ́n sì ya lù wọ́n. Àwọn tó lé ní 7,000 ló lọ́wọ́ sí ìjà ọjọ́ náà. Ó gba nǹkan bí wákàtí 21, nítorí pé bí èrò bá ti pọ̀ jù lójú kan, ẹ̀rọ a máa fa àkókò falẹ̀ títí yóò fi máa rìn ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ọkọ̀ Titan 75 ló ṣègbé, irú ọkọ̀ tó tóbi jù lọ nínú géèmù náà. Bí wọ́n bá ṣírò ohun tó jóná sí owó gidi, ó tó nǹkan bí 300,000 dọ́là. Kò sí òǹkọ̀wé kankan ní Reykjavik tó kọ ìtàn yẹn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó sanwó oṣù fún àwọn balógun tó fi oorun du ara wọn. Síbẹ̀, nígbà tí ìròyìn ogun náà dé BBC àti àwọn ilé ìròyìn káàkiri ayé, ọjà ta ni ìròyìn náà ń polówó? Ti ilé-iṣẹ́ ni. CCP fúnra rẹ̀ mọ iye tí ìtàn náà tó, ìdí nìyẹn tó fi gbé àwókù àwọn ọkọ̀ náà kalẹ̀ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí.

Ẹlẹ́rìí mìíràn tún wà tí kì í ṣe ará inú géèmù rárá. Ní ọdún 2012, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà òde òní tó wà ní New York, MoMA, kó géèmù 14 sínú ohun ìṣúra rẹ̀, EVE Online sì wà lára wọn. Àwọn géèmù kan wà níbẹ̀ tí àlejò lè dá mú, kí ó gbá a fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó sì lóye rẹ̀. Ti EVE kò rí bẹ́ẹ̀. Fídíò ni wọ́n ní láti fi hàn ènìyàn, èyí tí wọ́n tò jọ láti inú àwòrán tí àwọn ará New Eden fúnra wọn yà nípa ìgbésí ayé wọn ní ọjọ́ kan. Bí a bá mú àwọn ènìyàn náà kúrò, kò sí ohun tó ṣẹ́ kù láti gbé kọ́ sára ògiri. Ẹ̀rí wo la tún ń wá?

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń sọ pé géèmù lásán ni, kí ó rántí Sean Smith. Òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ni, ó sì wà lára àwọn mẹ́rin tí wọ́n pa ní Benghazi, lórílẹ̀-èdè Líbíà, ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2012. Nínú EVE, Vile Rat ni wọ́n ń pè é. Aṣojú ẹgbẹ́ Goonswarm ni, ẹni tí ń pẹ̀tù sí aáwọ̀, tó ń bá àwọn ọ̀tá jókòó kí ìjà má baà bẹ́. Nígbà tí ìròyìn ikú rẹ̀ dé, àwọn tó ti bá a jagun rí àti àwọn tó ti bá a mulẹ̀ rí jọ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Wọ́n sọ àwọn ibùdó wọn ní orúkọ rẹ̀ káàkiri New Eden, wọ́n sì dá owó jọ fún ẹbí tó fi sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kì í kọ́ irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì lè tà á.

Kí ó tún rántí iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Project Discovery. Láti 2016 ni àwọn ará New Eden ti ń bá àwọn onímọ̀ Sweden wo àwòrán inú ara ènìyàn láti mọ ibi tí èròjà protein kọ̀ọ̀kan ń gbé. Àwọn tó lé ní 300,000 ló lọ́wọ́ sí i, wọ́n sì to àwòrán sí ipò ní nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù 33. Ìwé ìmọ̀ Nature Biotechnology gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Lẹ́yìn náà, wọ́n bá àwọn onímọ̀ wá plánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn ká, nígbà tí àrùn Kòrónà sì dé ní 2020, wọ́n tún bá wọn yẹ sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ wò. Èyí ni àwọn ènìyàn tí àwọn kan ń pè ní ọ̀lẹ tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà.

Ó wá yẹ kí ènìyàn béèrè irú ọwọ́ tí ilé-iṣẹ́ ti fi mú àwọn tó sọ òfìfo rẹ̀ di ìlú.

Ní ọdún 2007, àṣírí tú pé òṣìṣẹ́ CCP kan ti fi ẹ̀bùrú fún ara rẹ̀ ní ìwé àpẹẹrẹ ohun èlò mẹ́fà tó ṣọ̀wọ́n, èyí tó sì bọ́ sí àǹfààní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Adájọ́ ti bá wọn lọ́wọ́ sí ẹjọ́. Ariwo tí àwọn ará New Eden pa ló jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ dá ẹ̀ka tó ń ṣọ́ ìwà òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2008 sì ni wọ́n dìbò yan ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní Council of Stellar Management, èyí tí àwọn tó ń gbá géèmù ń fi ìbò yàn láti máa bá ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ohun dáadáa ni ìgbìmọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn nìkan ló lè gbà wọ́n. Kò ní agbára láti dá ohunkóhun dúró.

Ọdún 2011 ló fi ìyẹn hàn kedere. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ilé-iṣẹ́ ṣí ìsọ̀ aṣọ àti ẹ̀ṣọ́ nínú géèmù. Awò ojú kan ṣoṣo tí wọ́n tà níbẹ̀, iye rẹ̀ tó 60 dọ́là. Lásìkò yẹn gan-an ni ìwé abẹ́nú ilé-iṣẹ́ kan já sí gbangba, tí àkọlé rẹ̀ ń béèrè bóyá ojúkòkòrò dára. Inú bí àwọn ará New Eden. Wọ́n rọ́ lọ sí Jita, wọ́n yí ère tó wà níbẹ̀ ká, wọ́n sì ń yìnbọn lù ú. Ọ̀pọ̀ dá owó oṣù wọn dúró. Ilé-iṣẹ́ sáré pe ìgbìmọ̀ náà sí Reykjavik fún ìpàdé pàjáwìrì. Ní oṣù Kẹwàá, ọ̀gá àgbà CCP, Hilmar Veigar Pétursson, kọ lẹ́tà, ó sì tọrọ àforíjì. Ó dára. Ṣùgbọ́n ní oṣù kan náà, ilé-iṣẹ́ dá nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró. Òṣìṣẹ́ tí kò dá ìsọ̀ awò ojú náà sílẹ̀ ni ìyà jẹ.

Ǹjẹ́ wọ́n kọ́gbọ́n? Díẹ̀ ni. Ní 2016 wọ́n ṣí ọ̀nà tí ẹni tó lówó lọ́wọ́ fi lè ra ìmọ̀ọ́ṣe tí ẹlòmíràn ti fi ọdún pípẹ́ kó jọ. Nínú ayò tí àwọn baba ńlá wa ń ta, òpè kì í fi owó ra ọgbọ́n ọ̀ta. Ìdí ọpọ́n ló ti ń kọ́ ọ. Ní 2018, ilé-iṣẹ́ Pearl Abyss ti Kòríà Gúúsù ra CCP nínú àdéhùn tó lè tó 425 mílíọ̀nù dọ́là. Kò sí ará New Eden kankan tí wọ́n bi léèrè kí wọ́n tó tà wọ́n mọ́ ọn. Àbí kí ni wọ́n tà, bí kì í bá ṣe ọdún 15 tí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn fi kọ́ ìlú? Ní 2022, wọ́n gbé owó oṣù kúrò ní nǹkan bí 15 dọ́là sí nǹkan bí 20. Ìkéde ni wọ́n fi ṣe é.

Àwọn tó ń gbèjà ilé-iṣẹ́ ní ìdáhùn mẹ́ta, ó sì yẹ kí a gbé wọn yẹ̀ wò.

Wọ́n ní ìwé àdéhùn sọ pé ti ilé-iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin gbà àti ohun tó tọ́ kì í fìgbà gbogbo gbé inú ilé kan náà. Ìwé tí ènìyàn tẹ bọ́tìnì sí kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún un kì í ṣe ìwé tí ẹni méjì jókòó fẹnu kò lé lórí.

Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ló ń náwó, òun ló sì ń gbé ewu ìṣòwò. Òótọ́ ni èyí náà, kò sì sí ẹni tó ní kí CCP máa ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń san owó náà padà lóṣooṣù láti 2003? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń gbé ẹrù, kò yẹ kí ọ̀kan ṣoṣo máa pín in.

Wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ kí ó máa lọ. Èyí ló burú jù. Ẹni tó bá fi New Eden sílẹ̀ kò lè gbé ọkọ̀ rẹ̀ dání, kò lè gbé ilé rẹ̀ dání, kò sì lè kó àwọn tó ti bá ṣe ọ̀rẹ́ fún ọdún mẹ́wàá sápò. Gbogbo rẹ̀ ni yóò fi sílẹ̀ fún onílẹ̀. Ẹni tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún olóko tó ti ro ilẹ̀ di oko, ìrẹ́jẹ ló ń ṣe.

Kì í ṣe pé mímọ́ ni ọwọ́ àwọn ará New Eden. Jìbìtì pọ̀ níbẹ̀, òfin géèmù sì fàyè gbà á. Ní 2012, níbi àpèjọ ọdọọdún tó ń wáyé ní Reykjavik, alága ìgbìmọ̀ wọn dúró lórí ìtàgé, ó sì fi ẹnì kan tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà ṣe ẹlẹ́yà lójú gbogbo ènìyàn. Ó tọrọ àforíjì, ó sì pàdánù ipò rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bo irú ìwà bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tó ní ọ̀daràn kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ẹrú. Kàkà bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà fi hàn pé ìlú ni New Eden lóòótọ́, tí ìtìjú sì wà níbẹ̀.

Kí ló wá kù tó yẹ ní ṣíṣe? Ohun mẹ́ta péré ni. Kí ìgbìmọ̀ tí wọ́n fi ìbò yàn gbọ́ ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ọ̀rọ̀ ìtà ilé-iṣẹ́ ṣáájú kí ó tó di ìkéde, kí wọ́n sì tẹ èrò ìgbìmọ̀ náà jáde bó ṣe rí, ìbáà dùn mọ́ ilé-iṣẹ́, ìbáà má dùn. Kí ilé-iṣẹ́ jáwọ́ nínú títa agbára fún olówó. Ẹ̀kẹta ló sì ṣe pàtàkì jù: kí wọ́n fi ọwọ́ síwèé pé bí ọjọ́ tí wọn yóò pa ẹ̀rọ náà bá dé, wọn yóò fi ọ̀nà tí àwọn ará New Eden lè máa fi gbé e ró fúnra wọn sílẹ̀.

Ẹ̀rù ìkẹta yìí kì í ṣe àlá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Ubisoft pa ẹ̀rọ tó gbé géèmù The Crew ró, àwọn tó fi owó wọn rà á kò sì lè ṣí i mọ́. Ìbínú ìyẹn ló bí ìpolongo Stop Killing Games, èyí tí àwọn ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ní Yúróòpù ti fi ọwọ́ sí. The Crew, géèmù ìwakọ̀ ni. Bí ìpa rẹ̀ bá dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀, báwo ni yóò ti rí lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa ìlú tó ti lé ní ogún ọdún, tí ọjà rẹ̀, ogun rẹ̀ àti orúkọ òkú rẹ̀ wà nínú rẹ̀?

Ní ọdún 2014, CCP gbé ère kan kalẹ̀ létí omi Reykjavik, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tó ń gbá géèmù náà sí i lára. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé òun nìkan kọ́ ló kọ́ ilé náà. Ọ̀wọ̀ ni, ó sì yẹni. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a fín sára òkúta kò tó fún ẹni tó ṣì wà láàyè. Ohùn ló ń fẹ́. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ẹni tó bá gbàgbé pé àwọn ará New Eden ni onírèsé yóò jí lọ́jọ́ kan, yóò sì bá ara rẹ̀ nínú ọjà, òun nìkan, pẹ̀lú ìsọ̀ tó rẹwà tí ẹnikẹ́ni kò ná.